Fífi Drag Ṣàlàyé Sáyẹ́ǹsì: Láti Mímú Kókó Títí Dé Orí Ìtàgé

Ẹ jẹ́ kí n fi bàtà gogoro bẹ̀rẹ̀. Ká ní òṣèré kan wúwo tó kílò 80, tí ẹnu gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀ kò sì ju sẹ̀ǹtímítà kan níbùú àti lóròó lọ. Bó bá ń rìn, ìgbà kan ń bẹ tí gbogbo ara rẹ̀ máa ń balẹ̀ sórí gìgísẹ̀ kan ṣoṣo. Lákòókò yẹn, kílò 80 ló ń tẹ ojú ibi bíńtín yẹn. Erin tó wúwo tó kílò 4,000, tó fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró, kì í fi ju bíi kílò kan lọ tẹ ibi tó tóbi bẹ́ẹ̀, nítorí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀. A lè kọ èyí sára pátákó, kí àwọn tó jókòó ṣe é mọ́ra. Àmọ́ bí drag queen kan, ìyẹn òṣèré tó múra bí obìnrin lọ́nà àrà, bá wọlé nínú aṣọ dídán, tó fi ẹsẹ̀ kan tẹ àwo amọ̀ tútù, tó wá gbé àwo náà sókè kí gbogbo èèyàn rí ihò tí gìgísẹ̀ rẹ̀ dá sí i, ó ṣòro kéèyàn gbàgbé ìdí tí ìwúwo kan náà fi ń dápàá sára bí ojú ibi tó bà lé bá ṣe kéré tó.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ: bàtà yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ tí a fi bo ẹ̀kọ́ lójú, bàtà gan-an ni ẹ̀kọ́. Ibi tí drag àti sáyẹ́ǹsì ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀ dáadáa nìyẹn. Ibi tí wọ́n bá ti kọ́ ẹ̀kọ́ tán kí wọ́n tó wá ẹni tí yóò de wíìgì kà á jáde, owó àti àkókò ló ṣòfò.

Drag ni iṣẹ́ ọnà tí òṣèré fi ń múra, tó ń kunjú, tó ń rìn, tó sì ń sọ̀rọ̀ bí akọ tàbí abo lọ́nà tó ga ju ti ojoojúmọ́ lọ. Ẹni tó bá ṣe bí obìnrin ni wọ́n ń pè ní drag queen, ẹni tó bá ṣe bí ọkùnrin ni drag king. Àwọn kan wà tí wọn kì í ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì, tí wọ́n ń di ẹranko, ìràwọ̀, tàbí ẹ̀dá inú àlá. Iṣẹ́ orí ìtàgé ni. Kéèyàn jẹ́ transgender, ìyẹn ẹni tó mọ ara rẹ̀ sí ọkùnrin tàbí obìnrin lọ́nà tó yàtọ̀ sí bí wọ́n ṣe pè é nígbà tí wọ́n bí i, yàtọ̀ sí i pátápátá: ìgbésí ayé ẹni nìyẹn, kò sí eré níbẹ̀. Ẹ má da méjèèjì pọ̀.

Fífi drag kọ́ni kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí fóònù. Ní 1979, ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Sisters of Perpetual Indulgence bẹ̀rẹ̀ ní San Francisco, àwọn èèyàn tó ń múra bí obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn, tí wọ́n ń fi àwọ̀ funfun kun ojú. Ní 1982, nígbà tí àrùn tí a wá mọ̀ sí AIDS ṣẹ̀ṣẹ̀ ń da jìnnìjìnnì bo ìlú, wọ́n tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan tó ṣàlàyé àwọn àrùn ìbálòpọ̀ àti bí a ṣe lè dáàbò bo ara ẹni. Àwọn nọ́ọ̀sì wà láàárín wọn. Ẹ̀fẹ̀ wà nínú ìwé náà, kò bú ẹnikẹ́ni, ìmọ̀ ìṣègùn inú rẹ̀ sì ṣe gúnmọ́. Lóde òní, Kyne ti ilẹ̀ Kánádà ń fi drag kọ́ ìṣirò, òun náà sì wà lára àwọn tó díje nínú ìpele àkọ́kọ́ Canada's Drag Race, ìdíje drag orí tẹlifíṣọ̀n, ní 2020. Ní Amẹ́ríkà, Pattie Gonia ti ń wọ bàtà gogoro gun òkè láti 2018, tó ń sọ̀rọ̀ lórí àyíká àti ojú ọjọ́. Àwọn méjèèjì nífẹ̀ẹ́ ohun tí wọ́n ń sọ, wọ́n sì mọ̀ ọ́n.

Bí ẹnì kan bá bi yín pé kí ni wíìgì ń wá nínú sáyẹ́ǹsì, ẹ rán an létí aṣọ funfun tí wọ́n ń wọ̀ ní yàrá àyẹ̀wò. Aṣọ eré nìyẹn náà, òun ni wọ́n sì fi ń pinnu ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀ àti ẹni tí yóò kàn máa gbọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló dàgbà láìrí ẹni tó jọ wọn nínú aṣọ yẹn. Pàápàá jù lọ àwọn LGBTQ, ìyẹn àwọn tó ń fẹ́ ẹni tí wọ́n jọ jẹ́ akọ tàbí abo, àwọn transgender àti irú wọn, tí wọ́n ti fi orúkọ sáyẹ́ǹsì pè ní aláìsàn rí. Bí ẹni tó ń ṣàlàyé bá wọ aṣọ mìíràn, ìkésíni náà yí padà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mú kókó kan tó ń paradà

Kókó kan ṣoṣo ni, tí ẹ lè sọ ní gbólóhùn kan kí èémí tó tán. Àbẹ́là kan péré ni Michael Faraday, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, fi kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní odidi ọ̀wọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísírì ní Royal Institution ní London. Bí kókó yín bá ti di mẹ́ta, eré mẹ́ta lẹ ní lọ́wọ́.

Drag lágbára níbi tí nǹkan bá ti ń yí padà, tó ń fara pamọ́, tó ń fara hàn, tàbí tí ojú ti ń tan ọpọlọ jẹ. Àpẹẹrẹ kan ni labalábá Morpho: kì í ṣe aró ló mú ìyẹ́ rẹ̀ jẹ́ búlúù, bí ìpẹ́ tíntìntín ara rẹ̀ ṣe tò ló ń da ìmọ́lẹ̀ búlúù padà sójú wa. Òmíràn ni clownfish, ẹja òkun kékeré kan: bí abo tó jẹ́ olórí bá kú, akọ tó jẹ́ ọkọ rẹ̀ á di abo. Bí kókó yín kò bá ní ìrísí kankan, tí kò sì ń yí padà, ẹ wá ọ̀nà mìíràn gbà sọ ọ́.

Àpẹẹrẹ kan ni màá máa tẹ̀ lé títí dé ìparí: cuttlefish. Ẹran omi tó ní apá púpọ̀ ni, ìbátan squid àti octopus. Lọ́dọọdún nígbà òtútù, cuttlefish ńlá ti Australia máa ń kóra jọ sí Spencer Gulf ní gúúsù ilẹ̀ náà láti bímọ. Akọ pọ̀ ju abo lọ dáadáa níbẹ̀, akọ tó tóbi a sì máa dúró ti abo kí ẹlòmíràn má bàa sún mọ́ ọn. Kí wá ni akọ kékeré yóò ṣe? A ká apá rẹ̀ jọ bí abo ṣe ń ká a, a yí àwọ̀ ara rẹ̀ sí ti abo, a sì yọ́ kọjá níwájú akọ ńlá. Àyẹ̀wò DNA fi hàn pé ọgbọ́n yìí ń bímọ lóòótọ́. Ti mourning cuttlefish tilẹ̀ tún kọjá ìyẹn. Ní 2012, àwọn onímọ̀ ní Australia gbé ìròyìn jáde pé akọ rẹ̀ lè fi ìhà kan ara rẹ̀ hàn bí akọ sí abo tó ń fẹ́, kó sì fi ìhà kejì hàn bí abo sí akọ tí wọ́n jọ ń du ú, lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹni tó bá mọ ìtàgé yóò ti mọ ibi tí mò ń lọ. Òṣèré tí ìhà kan rẹ̀ jẹ́ ọkùnrin, tí ìhà kejì jẹ́ obìnrin, tó ń yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún, eré àtijọ́ ni. Gbólóhùn wa wá ni pé: cuttlefish lè fi awọ ara sọ ọ̀rọ̀ méjì fún ẹni méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ewu kan wà nínú àpẹẹrẹ yìí tí mi ò ní fojú fo. Cuttlefish kékeré ń tan akọ ńlá jẹ kó lè gùn. Òṣèré drag kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Gbogbo ẹni tó jókòó ló mọ̀ pé eré ni. Bí àwọn òǹwòran bá lọ sílé pẹ̀lú èrò pé ẹni tó múra bí obìnrin, ọgbọ́n àrékérekè ló ń dá, ẹ ti ṣe wọ́n níbi, ẹ sì ti ṣe àwọn tí ẹ fẹ́ ràn lọ́wọ́ níbi jù. Nítorí náà ẹ sọ ìyàtọ̀ náà síta nínú eré. Bákan náà, ẹ má fi ẹja tàbí ẹyẹ dá èèyàn láre. Iyì ọmọ èèyàn kò so mọ́ ohun tí ẹranko kan ń ṣe nínú òkun. Ẹni tó bá gbé e kọ́ ibẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n bá mú ẹranko mìíràn wá fi ta kò ó, kò ní rí nǹkan sọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wá òṣèré kí ẹ tó wá wíìgì

Bí ẹ bá jẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí kò ṣe drag rí, ẹ má fi ọjọ́ eré bẹ̀rẹ̀. Onímọ̀ tó kàn fi wíìgì sórí kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín ti sọ iṣẹ́ ẹlòmíràn di yẹ̀yẹ́. Ẹ lọ bá òṣèré tó mọ iṣẹ́ náà, ẹ pè é wá láti ìgbà tí kókó ṣì wà ní tútù, kó lè sọ èyí tó ṣeé ṣe lórí ìtàgé. Bí òṣèré bá sì ni yín, ẹ wá onímọ̀ tí kò ní bínú bí ẹ bá bi í ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin.

Kí ẹ jọ kọ àdéhùn méjì sílẹ̀. Àkọ́kọ́, owó: mékọ́ọ̀pù, wíìgì, aṣọ àti wákàtí tí wọ́n fi ń múra ń náni lówó, "ẹ óò fi gbajúmọ̀" kò sì san gbèsè kankan. Èkejì, ẹni tó ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn: onímọ̀ lórí òótọ́ ọ̀rọ̀, òṣèré lórí bí a ó ṣe gbé e jáde. Bí onímọ̀ bá ní "èyí kì í ṣe òótọ́", ọ̀rọ̀ náà bọ́ sílẹ̀, bó ti wù kó pani lẹ́rìn-ín tó. Bí òṣèré bá ní "èyí yóò pa iná eré", gbólóhùn náà kúrú tàbí kó di ohun tí a fi ara ṣe.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ jẹ́ kí aṣọ sọ̀rọ̀

Ibí ni kí ẹ fi àkókò yín sí jù. Ẹ tẹ́ gbólóhùn kókó yín síwájú ẹni tó ń rán aṣọ, kí ẹ sì bi í pé: bí òṣèré bá yadi, ṣé aṣọ yìí lè sọ ọ́?

Fún cuttlefish wa, ìlà kan lọ láti àárín orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ìhà ọ̀tún jẹ́ abilà, ìyẹn akọ tó ń wá ìyàwó. Ìhà òsì jẹ́ adíkálà, ìyẹn abo. Wíìgì náà pín sí méjì, àtíkè ojú pín sí méjì. Kí òṣèré kọ́ bí a ṣe ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn, kí ẹni tó jókòó lápá ọ̀tún gbọ̀ngàn má rí ohun tí ti apá òsì ń rí. Nígbà tí òṣèré bá wá bi ọ̀tún pé "ta lẹ rí?", tí wọ́n dáhùn, tó bi òsì, tí wọ́n fún un ní ìdáhùn mìíràn, gbọ̀ngàn náà ti di òkun. Àwọn òǹwòran ti di akọ ńlá àti abo. Kò tíì sẹ́ni tó sọ gbólóhùn ìwé kan.

Ẹ wá fi bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ kún un. Àpò àwọ̀ tíntìntín ló kún awọ cuttlefish, iṣan sì yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká. Bí iṣan bá fà, àpò fẹ̀, àwọ̀ hàn. Bí iṣan bá dẹ̀, àpò sún kì. Láti ọpọlọ ni àṣẹ ti ń tọ àwọn iṣan náà lọ, ìdí nìyẹn tí àwọ̀ fi ń yí ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ lè rán àpò aṣọ roboto méjìlá mọ́ yẹ̀rì òṣèré, kí okùn kọ̀ọ̀kan so mọ́ òrùka ìka rẹ̀. Bó bá na ọwọ́, àwọn àpò ṣí, pupa bo yẹ̀rì. Bó bá ká ọwọ́, wọ́n padé. Ẹ pe ẹnì kan nínú òǹwòran kó wá fà á.

Ìmọ́lẹ̀ náà lè kọ́ni. Irú èròjà agbàmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo ló wà lójú ọ̀pọ̀ jù lọ nínú cuttlefish, èyí tó fi hàn pé àwọ̀ kì í yé wọn bó ṣe yé wa. Bí ẹ bá pa gbogbo iná tó kù, tí ẹ tan iná pupa nìkan sí orí ìtàgé, aṣọ pupa àti aṣọ funfun á jọ ara wọn, ojú òǹwòran kò ní lè ya àwọ̀ sọ́tọ̀ mọ́ àfi ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn. Ẹ tan iná funfun padà, gbogbo àwọ̀ bú jáde. Ẹran tó ń fi àwọ̀ tan ẹlòmíràn jẹ bẹ́ẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kì í rí àwọ̀ náà bí a ti ń rí i. Mo fẹ́ràn ibí yìí ju gbogbo eré náà lọ.

Mékọ́ọ̀pù pàápàá jẹ́ ẹ̀kọ́ fún eré mìíràn. Àwọ̀ dúdú lábẹ́ eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́, àwọ̀ títàn lórí rẹ̀, ojú pẹlẹbẹ di ojú tó ní kòtò àti òkè. Ìdí ni pé ọpọlọ wa gbà láìbéèrè pé òkè ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wá. Ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ àgbọ̀n òṣèré, kí gbogbo iṣẹ́ náà bàjẹ́ lójú wọn.

Ọ̀rọ̀ ààbò kò gbọdọ̀ kẹ́yìn. Gílítà tí wọ́n ń fi ṣe iṣẹ́ ọwọ́ lè ya ẹyinjú. Èyí tí wọ́n ṣe fún ojú nìkan ni kẹ́ ẹ lò. Ike wẹ́wẹ́ ni ọ̀pọ̀ gílítà, kì í jẹrà, European Union sì ti fòfin de títa gílítà oníke ti iṣẹ́ ọwọ́ tí kò lẹ̀ mọ́ nǹkan láti October 2023. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nípa òkun kò yẹ kó fọ́n ọn sílẹ̀. Bí ẹ bá lo kọ́sẹ́ẹ̀tì, aṣọ tí wọ́n fi ń fún ìkùn pinpin, ẹ má fún un dé ibi tí èémí kò ti ní tó ọ̀rọ̀ sọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: kíkọ eré

Ìṣẹ́jú mẹ́fà sí mẹ́jọ tó. Ẹ fi ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ sílẹ̀ fún orin àti ìrìn, láìsí àlàyé kankan. Ẹ jẹ́ kí ojú yó ná. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè, lẹ́yìn ìbéèrè ni bó ṣe ń ṣiṣẹ́, lẹ́yìn rẹ̀ ni ìyípadà ńlá tí wọn kò retí. Bí òṣèré yóò bá máa ya ẹnu tẹ̀ lé ohùn tí a ti gbà sílẹ̀, ohùn onímọ̀ tó ń ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ dùn ún lò ju orin lọ, bó bá ti yọ̀ǹda. Orin ẹlòmíràn náà, ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Bí ọ̀rọ̀ eré cuttlefish ṣe lè lọ nìyí:

"Ẹ̀yin ará ọ̀tún, ẹ wò mí dáadáa. Abilà ni mí, akọ ni mí, mo ń wá ìyàwó, mo sì lẹ́wà! Ẹ̀yin ará òsì, ẹ má bínú sí mi o. Adíkálà lásán ni mí, mò ń kọjá lọ ni. Awọ kan, iṣẹ́ méjì. Ẹran yìí ń tanni jẹ kó má bàa kú láìlọ́mọ. Èmi ò tan yín jẹ ní tèmi: ẹ rí wíìgì, ẹ rí okùn, ẹ rí ẹni tó ń fà á. Ẹ mọ̀ pé eré ni, ẹ sì tún gbà mí gbọ́. Iṣẹ́ tèmi nìyẹn."

Ẹ wo ibi tí ìyàtọ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ti wọlé: àárín ẹ̀fẹ̀ ló wà, kò di ìwàásù.

Ní ti ẹ̀fẹ̀, nínú ilé ìgbafẹ́ alẹ́, òṣèré drag a máa fi òǹwòran ṣe yẹ̀yẹ́, gbogbo wọn á sì gbádùn rẹ̀. Níbi ẹ̀kọ́, mi ò ní gbà á. Ẹni tó ti ń bẹ̀rù pé òun kò gbọ́n tó, bí ẹ bá fi bàtà rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, kò ní béèrè ohunkóhun mọ́. Ẹ fi nǹkan náà ṣe ẹ̀fẹ̀, ẹ fi ìgbéraga àwọn onímọ̀ àtijọ́ ṣe é. Ẹ má sì fi obìnrin ṣe é. Òṣèré ọkùnrin tí gbogbo àwàdà rẹ̀ kò ju "obìnrin kò mọ ìṣirò" lọ ń tún ilẹ̀kùn tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí tì.

Bí ẹ bá fẹ́ fi drag ṣe onímọ̀ tó ti kú, Newton tó ń la ìmọ́lẹ̀ sí àwọ̀ méje dára púpọ̀ fún drag king. Àmọ́ Lynn Conway, onímọ̀ kọ̀ǹpútà tí ilé iṣẹ́ IBM lé lẹ́nu iṣẹ́ ní 1968 nítorí pé ó fẹ́ gbé ayé bí obìnrin, tí ilé iṣẹ́ náà kò sì tọrọ àforíjì títí di 2020, ẹ má de wíìgì ṣe é. Obìnrin ni, kì í ṣe eré. Ẹ fi àwòrán rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ sọ ìtàn rẹ̀.

Ohun kan tí mo máa ń takò ni kí òṣèré yọ wíìgì ní ìparí láti fi hàn pé "onímọ̀ gidi" ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ó ń sọ pé gbogbo ohun tó ti sọ látẹ̀yìnwá kò kún tó. Kó dáhùn ìbéèrè nínú aṣọ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: kí ilẹ̀kùn ṣí lóòótọ́

Eré tó ń pe ara rẹ̀ ní ti gbogbo èèyàn, tó wà lókè àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá láìsí ọ̀nà fún kẹ̀kẹ́ arọ, irọ́ ló ń pa. Ẹ fún ògbufọ̀ èdè àwọn adití ní ọ̀rọ̀ eré náà ṣáájú, ẹ tanná sí i lára, ẹ má gbé e pamọ́ sí igun. Kí iná má ṣe ṣẹ́jú ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí àwọn tí iná máa ń dá wárápá sí lára. Fún àwọn afọ́jú, ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan aṣọ kí eré tó bẹ̀rẹ̀: kí wọ́n fà okùn, kí àpò ṣí lábẹ́ ìka wọn. Ìrírí yìí dára débi pé ẹ óò rí i pé àwọn tó ríran náà ń fẹ́ tò sí ìlà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: òfin àti ààbò

Ibì kan wà tí òfin kò gba drag, ibì kan wà tí òfin gbà á tí àdúgbò kò gbà á. Ẹ wádìí kí ẹ tó lẹ ìwé mọ́ ògiri. Ẹ má lo orúkọ tí òbí sọ òṣèré láìjẹ́ pé ó ní kẹ́ ẹ lò ó, ẹ má ya fọ́tò òǹwòran láìbéèrè, nítorí ẹlòmíràn lè pàdánù ilé rẹ̀ nítorí fọ́tò kan. Kí ẹnì kan sin òṣèré dé inú ọkọ̀. Kí ẹlòmíràn tó yàtọ̀ sí òṣèré máa ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ sábẹ́ fídíò, kó máa pa èébú rẹ́. Bí àwọn ọmọdé bá wà níbẹ̀, ẹ yí ọ̀rọ̀ padà bí ẹ ṣe máa yí ti eré èyíkéyìí padà.

Ìgbésẹ̀ keje: ìdánrawò àti ìbéèrè

Ẹ ṣe eré náà níwájú èèyàn márùn-ún tí iṣẹ́ wọn kò bá sáyẹ́ǹsì tan. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ má bi wọ́n pé "ṣé ó dùn?" Gbogbo wọn yóò ní ó dùn. Ẹ ní kí wọ́n sọ fún yín, bí ẹni tó ń sọ ọ́ fún ẹni tí kò wá, ohun tí cuttlefish ń ṣe àti ìdí tó fi ń ṣe é. Bí mẹ́ta nínú wọn bá sọ̀rọ̀ wíìgì tí wọn kò mẹ́nu ba awọ, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kẹta. Bí wọ́n bá mọ̀ nípa awọ ṣùgbọ́n tí ó ń sú wọn láti sọ, ẹ padà sí ìkẹrin. Ẹ bi wọ́n pẹ̀lú bóyá wọ́n rò pé òṣèré ń tan wọ́n jẹ.

Lọ́jọ́ eré gan-an, ìbéèrè kan lẹ́nu ọ̀nà, ìbéèrè kan náà nígbà tí wọ́n bá ń jáde. Ẹ fi bébà pélébé kan ṣe é, èyí tí ẹnì kan lè kọ ní ìdúró. Ẹ fi ìbéèrè kejì kún un pé ìgbà mélòó ni wọ́n ti lọ síbi ètò sáyẹ́ǹsì rí. Bó bá jẹ́ pé àwọn tó máa ń wá tẹ́lẹ̀ nìkan ló tún wá, eré yín lè dùn bí oyin, kò tíì ṣe iṣẹ́ tí a rán an. Ẹ gbé e lọ síbi tí àwọn yòókù wà, ẹ má dúró de wọn nínú gbọ̀ngàn.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé tábìlì kan síta pẹ̀lú àwo amọ̀, bàtà gogoro, àti yẹ̀rì tó ní okùn. Kí òṣèré dúró sápá kan, onímọ̀ sápá kejì, kí ẹ sì jẹ́ kí ó kéré tán wákàtí kan kọjá kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ mọ́. Ìbéèrè tó dára jù kì í jáde ní gbangba. Ẹni tó ní i lọ́kàn á kọ́kọ́ rọra yí tábìlì náà po lẹ́ẹ̀mejì.